Ẹni Tó Ṣe Kírísítálì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bi

Iyọ̀ ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Wọ́n á wọn iyọ̀ tí à ń jẹ, ìyẹn sodium chloride, wọ́n á pò ó mọ́ ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ́ potassium chloride, wọ́n á wá kó ègé uranium àti ègé tellurium mọ́ ọn. Inú ọ̀pá dígí quartz tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni wọ́n ń dé gbogbo rẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó tì í bọ inú ìléru. Iyọ̀ á yọ́, uranium àti tellurium á yọ́ mọ́ ọn, ẹni tó ń ṣọ́ ìléru á sì máa dín iná kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí ó bá ti tutù tán, wọ́n á fi omi ṣan iyọ̀ kúrò, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni àwọn ọ̀pá tín-ínrín tó ń dán, tí gígùn wọn kì í sábà ju mílímítà mélòó kan lọ.

UTe2 ni wọ́n ń pè é: átọ́ọ̀mù uranium kan sí tellurium méjì. Hironori Sakai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjọ ìwádìí agbára átọ́ọ̀mù ilẹ̀ Japan ló gbé ọ̀nà oníyọ̀ yìí jáde lọ́dún 2022. Ṣáájú ìgbà náà, iodine ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á jẹ́ kí ìdí kan ọ̀pá dígí náà gbóná ju ìdí kejì lọ, iodine á máa kó uranium àti tellurium bí ooru láti ìhín lọ sí ọ̀hún, kírísítálì á sì máa hù níbi tí wọ́n bá balẹ̀ sí. Lójú ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ náà, ohun kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń bí. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìtàn UTe2.

Superconductor ni UTe2. Bí òtútù bá mú superconductor dé ààyè kan, iná mànàmáná á máa gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Kò ní gbóná, kò sì ní pàdánù ohunkóhun lójú ọ̀nà. Nínú wáyà bàbà, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gbé iná máa ń forí gbún nǹkan kiri, ìdí abájọ nìyẹn tí wáyà fi ń gbóná. Nínú superconductor, ńṣe ni wọ́n ń so pọ̀ ní méjì-méjì, tí gbogbo wọn á sì máa rìn pọ̀ bí ẹyọ kan ṣoṣo. Heike Kamerlingh Onnes ló kọ́kọ́ rí i ní Leiden, nílẹ̀ Netherlands, lọ́dún 1911. Inú mercury ló ti rí i, irin olómi tó máa ń wà nínú ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìgbóná ara láyé àtijọ́. Ìwọ̀n òtútù ọ̀hún jẹ́ 4.2 Kelvin, ìyẹn nǹkan bí 269 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fò kọjá ni ìdí tí Onnes fi lọ mú mercury. Platinum àti wúrà ló kọ́kọ́ dán wò. Bó ṣe ń mú wọn tutù tó, ó dé ibì kan tí ìdíwọ́ iná inú wọn kọ̀ láti wálẹ̀ mọ́, bí wúrà náà bá sì ṣe mọ́ sí ni ibi tó ń dúró sí ṣe ń lọ sílẹ̀ sí. Ìdọ̀tí ló wà nídìí ẹ̀. Mercury ṣeé sè títí yóò fi di ooru, kí wọ́n tún gba ooru náà padà bí omi, kí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra títí kò fi ní sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ mọ́. Nítorí pé ó ṣeé fọ̀ mọ́ ni wọ́n ṣe yàn án. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ọ̀rọ̀ superconductor ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó.

Onnes rò pé òun ti rí ohun tí wọ́n á fi ṣe òòfà alágbára tí kò ní gbóná. Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Nígbà tó dán òjé wò, agbára òòfà tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tesla kan (tesla ni òṣùwọ̀n agbára òòfà) ti tó láti sọ òjé náà di irin lásán padà. Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan jẹ́ òòfà kékeré fúnra rẹ̀, nínú superconductor tó wọ́pọ̀, àwọn méjì tó so pọ̀ ń kọ ẹ̀yìn síra wọn: bí ọ̀kan bá dojú kọ òkè, ìkejì á dojú kọ ìsàlẹ̀. Òòfà ńlá tó bá ti òde wá fẹ́ kí àwọn méjèèjì dojú kọ ibi kan náà. Tó bá ti lágbára tó, á tú wọn ká. Òòfà tún máa ń dà wọ́n láàmú lọ́nà mìíràn, nípa mímú kí wọ́n máa yípo, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yìí ló ṣòro jù láti sá fún. Lọ́dún 1962, Chandrasekhar àti Clogston, tí olúkúlùkù wọn ṣe ìṣirò tirẹ̀ lọ́tọ̀, fi nọ́ńbà sí i: tesla 1.84 fún Kelvin kọ̀ọ̀kan. Superconductor tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Kelvin méjì, kó tó di tesla mẹ́rin ó yẹ kó ti kú.

Èyí tó mọ́ jù nínú àwọn kírísítálì UTe2 ń bẹ̀rẹ̀ ní 2.1 Kelvin. Ẹ̀rọ MRI tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn jẹ́ tesla 1.5 tàbí mẹ́ta. Bí òfin náà bá mú UTe2, òòfà tó fi díẹ̀ ju ti ilé ìwòsàn lọ yẹ kó pa á.

Kò kú o. Bí wọ́n bá dojú òòfà kọ ìhà kan lára kírísítálì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní ìhà b, superconductor yìí á fara dà á títí dé nǹkan bí tesla 35. Níbẹ̀ ni agbára òòfà àwọn uranium inú rẹ̀ ti máa ń fò sókè lójijì, iná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìdíwọ́ pàdé. Ẹnikẹ́ni ìbá pa ẹ̀rọ níbẹ̀ kó máa lọ sílé. Àmọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ Sheng Ran àti Nicholas Butch, láti àjọ NIST àti Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà, gbé kírísítálì tiwọn lọ sí ilé ìwádìí òòfà ńlá ní Los Alamos, tí wọ́n dà á tì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 30, tí òòfà sì kọjá tesla 40, ńṣe ni superconductor tún yọjú. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí dé tesla 65, ibi tí òòfà tí wọ́n ń lò lágbára dé. Ọdún 2019 ni wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde. Ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀. Tesla 65 ju agbára òòfà ilẹ̀ ayé tó ń yí kọ́ńpáàsì lọ ní ìlọ́po tó lé ní mílíọ̀nù kan.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò tó báyìí. Lọ́dún 2005, Lévy, Sheikin, Grenier àti Huxley ní Grenoble, nílẹ̀ Faransé, rí i pé URhGe, tí òun náà ní uranium nínú, ń pàdánù superconductivity rẹ̀ ní nǹkan bí tesla méjì, tó sì tún ń gbà á padà láàárín tesla 8 sí 13. 

Ó yẹ kí ẹni tí kò dé irú ilé ìwádìí ti Los Alamos rí mọ bí iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe ń lọ níbẹ̀. Kò sí òòfà tó lè dúró lójú kan ní tesla 65. Ńṣe ni wọ́n máa ń tọ́jú iná pamọ́ sínú àwọn capacitor rẹpẹtẹ, wọ́n á wá tú u sínú okùn bàbà alágbára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òòfà á gòkè, á sì wálẹ̀, kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Kírísítálì tó wà láàárín ń gbóná nítorí bí òòfà ṣe ń yára yí padà, nítorí náà wọn kì í lo odidi rẹ̀. Èyí tó kéré bí ẹyọ ìrẹsì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń gé. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà kékeré kan tí wọ́n ká róbótó, tí iná inú rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìwọ̀n kan pàtó. Bí kírísítálì náà bá di superconductor, á ti agbára òòfà kúrò lára rẹ̀, ìgbọ̀n inú wáyà á yí padà, kọ̀ǹpútà á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán, kí okùn bàbà tó ti gbóná tún tutù nínú nitrogen olómi, èyí tó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó yí kírísítálì díẹ̀, kí wọ́n sì tún yìn ín. Bó bá ṣe pé ìwọ̀n yíyí náà yẹ̀ díẹ̀, wọ́n lè ṣe wàhálà ọjọ́ méjì láìrí ohun tí wọ́n ń wá. Àwọn tó ń ka ìwé tó bá jáde kì í rí nǹkan kan nínú gbogbo èyí ju ìlà pupa kan lórí àwòrán lọ.

Kí ló dé tí ìmọ́tótó fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe gbogbo superconductor ló bìkítà fún un. Philip Anderson ti ṣàlàyé lọ́dún 1959 pé ìdọ̀tí tí kì í ṣe òòfà kò lè pa superconductor irú ti òjé. Wáyà niobium àti titanium tó wà nínú ẹ̀rọ MRI tilẹ̀ kún fún àbùkù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀, torí àbùkù yẹn ni kì í jẹ́ kí òòfà rìn kiri nínú rẹ̀. Àwọn irú UTe2 ni ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹ fojú inú wo àwọn oníjó bàtá tó ń jó ní méjì-méjì. Nínú òjé, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbé, ibi yòówù kí wọ́n kọjú sí. Bí ẹnì kan bá gbún oníjó kan tó sì yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì bá ti ẹnìkejì rẹ̀ mu. Nínú irú kejì, ẹsẹ̀ tó yẹ kéèyàn gbé bó bá kọjú sí ìlà-oòrùn jẹ́ òdì-kejì èyí tó yẹ kó gbé bó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Gbígbún kan ṣoṣo ti tó láti da ijó rú. Átọ́ọ̀mù tí kò sí níbi tó yẹ kó wà ni agbúnni yẹn.

Ìdí nìyẹn tí ìtàn irú superconductor yìí fi kún fún àríyànjiyàn tó jẹ́ pé kírísítálì ló parí wọn. Nígbà tí Frank Steglich ní Jámánì kéde CeCu2Si2 lọ́dún 1979, ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́, ara ohun tó sì fà á ni pé àwọn kírísítálì kan ń ṣiṣẹ́ tí àwọn mìíràn kò ṣe. Sr2RuO4, tí ẹgbẹ́ Yoshiteru Maeno rí nílẹ̀ Japan lọ́dún 1994, bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Kelvin kan. Bí wọ́n ṣe ń mú un mọ́ sí i, ó dé 1.5. Andrew Mackenzie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi hàn lọ́dún 1998 pé ìdọ̀tí táṣẹ́rẹ́ ti tó láti pa á pátápátá.

Sr2RuO4 tún kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Fún ogún ọdún, ohun tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pọ̀ lé lórí ni pé àwọn méjì-méjì inú rẹ̀ kì í kọ ẹ̀yìn síra wọn, ibì kan náà ni wọ́n dojú kọ. Ìwọ̀n NMR ti ọdún 1998, irú ìwọ̀n tó ń fi agbára rédíò wo òòfà inú kírísítálì, ló fi bẹ́ẹ̀ hàn. Lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ kan tí Stuart Brown ní UCLA wà nínú rẹ̀ fi hàn pé agbára rédíò tí wọ́n fi ń wọn kírísítálì náà ló ń mú un gbóná lásìkò tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n dín in kù, ìdáhùn yí padà. Kírísítálì mọ́; ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni kò mọ́.

Ní ti UTe2, ìdọ̀tí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kì í ṣe ohun àjèjì tó wọ inú rẹ̀. Àyè òfìfo ni: ibi tí uranium kan yẹ kó wà tí kò sí níbẹ̀. Bí ìdá mélòó kan péré nínú ọgọ́rùn-ún bá sọnù, kírísítálì náà kò ní di superconductor mọ́ rárá. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe mọ́ tó kò le: wọ́n á pín ìdíwọ́ tí iná bá pàdé nígbà tí kírísítálì wà nínú yàrá lásán sí èyí tó bá pàdé nígbà tó tutù gan-an. Bí iye náà bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe mọ́ tó. Nínú àwọn kírísítálì oní-iodine àkọ́kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1.6 Kelvin, 30 tàbí 40 kì í ṣe ohun àjèjì. Nínú èyí tí wọ́n fi iyọ̀ ṣe, ó ti lọ sí tòsí 1000.

Ẹ wá wo ohun tí ìyàtọ̀ ìmọ́tótó yẹn ti ṣe. Lọ́dún 2021, ìwé ìròyìn Science gbé iṣẹ́ kan jáde pé superconductivity inú UTe2 ń wọlé ní ìpele méjì, àmì pé ó ní oríṣi àrà méjì nínú. Àwọn onítíọ́rì kọ ìwé lórí ìwé. Láìpẹ́, àwọn ará Los Alamos gbé kírísítálì tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Kelvin méjì jáde, ìpele kan ṣoṣo ló sì ní. Ohun tí wọ́n rí tẹ́lẹ̀ jọ apá méjì tí kò mọ́ bákan náà nínú kírísítálì kan ṣoṣo. NMR náà rí tirẹ̀. Nínú kírísítálì àtijọ́, ìwọ̀n ìhà mìíràn, ìyẹn ìhà a, kò yí padà nígbà tí superconductivity dé. Lọ́dún 2023, nínú kírísítálì 2.1 Kelvin, ó wálẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé ibì kan náà ni àwọn méjì-méjì inú UTe2 dojú kọ, ohun tó sì rọrùn jù láti fi ṣàlàyé bó ṣe kọjá òfin tesla mẹ́rin nìyẹn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n dojú kọ gan-an ni wọ́n tún kọ̀wé rẹ̀ látilẹ̀.

Ìwọ̀n kan wà tó jẹ́ pé kírísítálì oníyọ̀ ló ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Bí òòfà bá lágbára tí kírísítálì sì mọ́, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa yípo, á sì parí ìyípo rẹ̀ kó tó gbún nǹkan kan. Láti ara ìyípo náà ni wọ́n ti ń mọ bí ọ̀nà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń rìn ṣe rí. Ẹgbẹ́ Dai Aoki ní Yunifásítì Tohoku kọ́kọ́ rí i nínú UTe2 lọ́dún 2022, àwọn ará Cambridge sì fi tiwọn kún un lọ́dún 2024. Ìrísí bí òpó, tó na gbọnrangandan sí ìhà kan, ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìwé tíọ́rì tó sọ ohun mìíràn ṣáájú ìgbà náà pọ̀ díẹ̀.

Nítorí náà, èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà pé òtítọ́ wà lọ́dọ̀ kírísítálì tó mọ́ jù, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ará NIST àti Maryland gbé jáde nínú Nature Communications lọ́dún 2024 kò gbà bẹ́ẹ̀. Kírísítálì tó dọ̀tí ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú, irú èyí tí kò di superconductor rárá níbi tí kò sí òòfà, bó ti wù kó tutù tó. Wọ́n gbé e sínú òòfà ńlá, wọ́n dà á tì sí ìwọ̀n tó yẹ. Ní tòsí tesla 40, ó di superconductor. Ọmọ òrukàn ni wọ́n pè é, torí pé superconductivity ti ìsàlẹ̀ tó yẹ kó bí i kò sí níbẹ̀.

Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Bí ìdọ̀tí kan náà bá pa ọ̀kan tó sì dá ìkejì sí, ó ṣòro láti gbà pé ohun kan náà ló so àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ nínú méjèèjì. Tàbí kó jẹ́ pé lókè lọ́hùn-ún, ohun tó ń so wọ́n pọ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí gbígbún kò fi já mọ́ nǹkan kan. Àlàyé àtijọ́ kan wà, ti Jaccarino àti Peter lọ́dún 1962, pé òòfà inú irin lè dojú kọ òòfà òde, kí méjèèjì pa ara wọn, kí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì rò pé kò sí òòfà kankan. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti fi bá ìhà tí kírísítálì dà tì sí mu. Lọ́dún 2025, nínú Science, Sylvia Lewin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé superconductivity ti òkè náà kò mọ sí ìhà kan, pé ó yí ìhà b ká bí òrùka. Àwòṣe tí Andriy Nevidomskyy ti Yunifásítì Rice ṣe fún un dúró lórí pé àwọn méjì-méjì náà ní agbára òòfà tiwọn. Nínú gbogbo àlàyé tó wà nílẹ̀, èyí ló fẹ̀yìn ti ohun tí wọ́n rí gan-an jù.  

Ohun tó kù nísinsìnyí ni ìwọ̀n tó gba sùúrù. Nínú òòfà tó ń kọjá kí èèyàn tó ṣẹ́jú, NMR ṣòro, ìwọ̀n ooru sì ṣòro. Òòfà tó lè dúró lójú kan ní tesla 45 ṣọ̀wọ́n: irú rẹ̀ ni ti Tallahassee ní Florida àti ti Hefei nílẹ̀ Ṣáínà, èyí tó dé tesla 45.22 lọ́dún 2022. Ibi tí òrùka náà ti bẹ̀rẹ̀ wà ní tòsí 40. Àyè tesla mélòó kan ni wọ́n ní láti fi ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló sì ń tò fún wákàtí díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ẹni tó bá rí àyè yẹn gbà á ṣe dáadáa bó bá gbé kírísítálì méjì dání: èyí tó mọ́ jù tí wọ́n fi iyọ̀ ṣe, àti èyí tó dọ̀tí débi pé kò jẹ́ nǹkan kan níbi tí kò sí òòfà, kó sì kọ ìwọ̀n ìmọ́tótó méjèèjì sí ojú ewé kìn-ín-ní ìwé rẹ̀, ṣáájú tíọ́rì èyíkéyìí.